Lẹ́tà Bíńtín-bíńtín fún Zenobia

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ibi tí èèyàn ti ń ṣùrù bo ara wọn bí eṣú, kó dé ìlú La Paz ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kìn-ín-ní, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí agogo méjìlá ọ̀sán lù. Ẹni tó ń wá ilé á ra ilé tó jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ á ra ọkọ̀ tó jẹ́ pé kòkòrò nìkan ló lè wà á. Obìnrin tó ń wá ọkọ á ra àkùkọ alámọ̀ kan, á fi í pa mọ́ sábẹ́ ìborùn. Bí agogo bá ti dún báyìí, èéfín tùràrí á fẹ́ sí i, wọ́n á súre sí i, ohun kékeré náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn àjò, díẹ̀díẹ̀, títí á fi di ńlá kí ọdún tó yípo. Ọjà Alasita nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kó má jẹ́ kí agogo bá òun lọ́wọ́ òfìfo o.

Ìwé ni Nicolasa Laruta ń kọ nínú ọjà náà. Ìwé mẹ́ta péré ló kà nílé ẹ̀kọ́ kí bàbá rẹ̀ tó ní kó máa da àgùntàn, ṣùgbọ́n fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti ń fi gègé tó tinrín bí irun kọ ìwé ilé, ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí yunifásítì sórí bébà tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Dókítà tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kò lóǹkà. Bó bá sì ti ń kọ ọ́ ló ń kọrin sí i lára, torí ó ní ìwé tí kò gbọ́ orin kì í tètè dàgbà:

*Kéré, kéré, má kọminú,*
*Kéré, kéré, má sunkún,*
*Ẹyin adìẹ kò kún ọwọ́ ọmọdé,*
*Àkùkọ ló ń bẹ nínú rẹ̀.*

Gumercinda ló wà ní ìsọ̀ kejì, òun ló ń ta bíríkì kéékèèké, àpò sìmẹ́ǹtì tó rí bí horo ṣúgà, àti ṣọ́bìrì tí èèyàn lè fi gbẹ́ etí. Ẹnu rẹ̀ mú ju gbogbo ohun tó ń tà lọ.

"Ìyá Zenobia," ló máa ń wí, "bí o bá kọrin bẹ́ẹ̀ tí òjò bá rọ̀, ìwọ ni màá bá ṣẹjọ́."

Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, orin Nicolasa kò jáde dáadáa. Ọmọ tó bí, ọ̀kan ṣoṣo ni, Zenobia. Ọdún kẹfà rèé tí Zenobia ti ń ránṣọ ní São Paulo, ní orílẹ̀-èdè kejì, nílé iṣẹ́ ẹlòmíràn. Apá aṣọ ni wọ́n fún un rán: apá òsì láàárọ̀, apá ọ̀tún nírọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko, kò ì tíì rán aṣọ kan látòkè délẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Delfina wá rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, iná dé ibẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí títì. Ọ̀gá gbọ́ fìnrín, ló bá gbé ìwé dé, ó ní kí Zenobia fọwọ́ sí i pé òun á tún lo ọdún méjì sí i. Ọjọ́ kẹrìnlélógún, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ni kó fún òun lésì.

Ní Sunday tó ṣáájú, Zenobia pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni? Ẹ̀rọ méjì ló máa bù ẹ́ jẹ ni?"

"Màmá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá mi kọ ìwé tèmi lọ́dún yìí. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Zenobia Laruta ló ni ṣọ́ọ̀bù. Bó bá wà lọ́wọ́ mi nígbà tí agogo méjìlá yín bá ń dún, màá wí fún ọ̀gá pé ó tó gẹ́ẹ́. Bí kò bá sí lọ́wọ́ mi, màá fọwọ́ síwèé, màá padà sídìí apá aṣọ mi."

"Ìwọ ọmọ yìí! Bébà ló fẹ́ bá ẹ pinnu?"

"Ẹ̀yin lẹ fi bébà tọ́ mi dàgbà."

Nicolasa kọ ìwé náà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó fi táda aláwọ̀ wúrà yí etí rẹ̀ po, ó dì í sínú ike, ó fi rán ọkùnrin àdúgbò wọn kan tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí São Paulo. Òjò oṣù kìn-ín-ní ni kò gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàlélógún, ọkùnrin náà pè é láti ojú ọ̀nà.

"Ìyá, òkè kan ti dùbúlẹ̀ sójú títì. Àwa náà ti dùbúlẹ̀ tì í."

"Ìgbà wo ni yóò dìde?"

"Ìyá, òkè ni mo pè é o, n ò pè é ní ọ̀lẹ. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta."

Nicolasa gbé fóònù sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Ọjọ́ mẹ́ta! Ọ̀la ni agogo máa dún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọ rẹ̀ lójú inú, tó ń fọwọ́ síwèé, tó ń rán apá òsì, apá ọ̀tún, apá òsì. Ìgbà tó wá gbé fóònù láti tún pe ọmọ ni ojú rẹ̀ bá ìkíni tó fi ránṣẹ́ láàárọ̀, òdòdó lọ́tùn-ún, ìràwọ̀ lósì, lẹ́tà rẹ̀ sì lọ́ bíi irun ọ̀dọ́ àgùntàn. Ó ní, "Háà."

Tísà obìnrin kan tó wá ra ìwé ẹ̀rí ló kọ́ ọ ní nǹkan yìí lọ́dún tó kọjá. Ibì kan wà lórí fóònù téèyàn á ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ náà á sì wọ aṣọ ogún oríṣiríṣi jáde nísàlẹ̀: èyí tó rọra lọ́, èyí tó wà nínú òbìrí, èyí tó kéré tó sì fò sókè bí ẹni tó ń sá fún omi. Èèyàn á mú èyí tó wù ú, á kó o lọ síbi tó bá fẹ́. Tísà náà tún ṣàlàyé pé gbogbo àmì tó wà láyé ni wọ́n ti fún ní nọ́ńbà tirẹ̀, pé nọ́ńbà náà ló ń rìnrìn àjò, fóònù tó bá gbà á ló máa wo inú àpótí ara rẹ̀ láti mú àmì náà jáde. Nicolasa mi orí sí ìyẹn bí alángbá. Òdòdó àti ìràwọ̀ ni tirẹ̀. Láti ìgbà náà, kò tún sí "káàárọ̀" kan tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde tí kò wọ ìlẹ̀kẹ̀.

"Gumercinda!" ló ké. "Màá fi lẹ́tà fóònù kọ ìwé Zenobia!"

Gumercinda ń to bíríkì, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Èyí tó o bá fi ọwọ́ kọ, yà á ní fọ́tò, kó o fi ránṣẹ́. Kí ni ariwo?"

"Fọ́tò ìwé kì í ṣe ìwé. Bí mo bá ya ẹ̀wà tó wà níwájú ẹ yìí ní fọ́tò, ṣé yóò yó mi?"

"Kò ní yó ẹ, èmi ni mo ni ín."

"Àti pé fọ́tò, ìka méjì ni wọ́n á fi fẹ̀ ẹ́, á di gbàgàdà lójú ẹsẹ̀. Ṣé ohun kékeré nìyẹn? Lẹ́tà ni lẹ́tà. Èyí tí mo bá kọ lọ́dọ̀ mi, òun gan-an ni yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lè gbé e sábẹ́ orúkọ rẹ̀ kí gbogbo oníbàárà máa rí i."

Gumercinda wá yíjú padà wàyí, ó gbé fìlà rẹ̀ dáadáa sórí. "O ti dàgbà di ọ̀mọ̀wé fóònù," ló wí, àmọ́ ó sún àga rẹ̀ mọ́ ọn.

Iṣẹ́ náà kò kéré. Ó fi àmì igun mẹ́rin ṣe etí bébà. Ó fi ẹ̀kán tóótòòtó ṣe okùn ìránṣọ yí i ká. Ó gbé ìràwọ̀ sókè, ó rí i pé ó wúwo jù, ó yọ ọ́, ó fi òbìrí bíńtín rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó kan lẹ́tà, ó wo èyí tó kéré jù, tó fò sókè yẹn, ó yínmú sí i. Ó ní ó rí bí ọmọge tó jáde láìfi yẹtí sétí. Èyí tó tinrín tó sì lọ́ ló mú, ó ní ọmọ òun kì í ṣe ọmọ àgbà-wọ̀. Títí oòrùn fi wọ̀ ló ń tún un ṣe, tó ń bá a wí, tó ń kọrin fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èrò ti kún ọjà bámúbámú. Nicolasa ṣe bí ọlọ́gbọ́n, ó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí fóònù Gumercinda láti mọ bó ṣe máa rí. Ó rí rèǹtè-rente. Àní Gumercinda pàápàá sọ pé, "Hẹn, ó dára o," ọ̀rọ̀ tí kì í ná lásán. Nígbà tó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú kí agogo méjìlá lù, Nicolasa fi í ránṣẹ́ sí São Paulo. Ibẹ̀ fi wákàtí kan ṣáájú La Paz, àárín oúnjẹ ọ̀sán ni Zenobia wà. Bí agogo méjìlá bá ń dún lọ́dọ̀ ìyá, agogo kan ni lọ́dọ̀ ọmọ, ìyẹn ìgbà tí gbogbo wọn á padà sídìí ẹ̀rọ, tí ọ̀gá á sì na ọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Fóònù dún. Zenobia ni.

"Màmá, ẹ ṣeun o. Mo rí bíríkì gbà."

"Bíríkì wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ó tò dáadáa, ìlà mẹ́ta, mo ti kà á, mẹ́rìndínlógójì ni. Ẹ̀yin àti Ìyá Gumercinda lẹ jọ ṣe é, àbí? Ó dùn mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n ìwé mi ńkọ́?"

Gumercinda ti gbọ́. "Ìyá Zenobia! Ìwọ náà ti ń ta bíríkì? Ogún ọdún tá a ti jọ wà nídìí ìsọ̀, o wá gba oníbàárà mi lẹ́yìn mi?"

"Dákẹ́ ná, Gumercinda! Zenobia, orúkọ ẹ ni mo kọ. Orúkọ ẹ lo ń wò yẹn."

"Màmá, bíríkì ni mò ń wò. Funfun, igun mẹ́rin, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Báyìí:

□□□□□□□ □□□□□□

Orúkọ mi nìyẹn?"

"Lánàá ńkọ́? Lójoojúmọ́ lo máa ń rí òdòdó mi."

"Fóònù mi ló bọ́ sínú omi ìfọṣọ lánàá, lẹ́yìn tí mo rí ìkíni yín. Mo ṣebí mo fi ohùn ránṣẹ́ sí yín, ẹ ò gbọ́ ọ ni? Fóònù àtijọ́ Delfina ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ti wà látìgbà tí Delfina ṣì ní àlejò ọkùnrin."

Lẹ́yìn ohùn Zenobia, obìnrin kan kígbe pé, "Mo gbọ́ o!"

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ tísà padà sórí Nicolasa, ọ̀rọ̀ tó mi orí sí bí alángbá. Nọ́ńbà ló ń rìnrìn àjò. Fóònù á wo inú àpótí ara rẹ̀. Fóònù àgbàlagbà yìí wo àpótí, kò bá àmì náà níbẹ̀, torí nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù sí i, aṣọ lílọ́ yẹn kò tíì dé ọjà. Ló bá ya ihò onígun mẹ́rin sílẹ̀, bí ẹni tó ní, "Nǹkan kan jókòó síbí o, èmi ni n ò mọ̀ ọ́n."

"Agogo méjìlá ku ogójì ìṣẹ́jú," ni Gumercinda wí.

"N ò bi ẹ́."

"Mo mọ̀ pé o ò bi mí."

Ohùn Zenobia ti wálẹ̀ lórí fóònù. "Màmá, ẹ má dààmú. Bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Apá aṣọ náà kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì, ó máa lọ."

Nicolasa gbọ́ "ọdún méjì, ó máa lọ" yìí bí ẹni gbọ́ ìró ìkòkò tó ń fọ́ ní kíṣìnnì. Ó mọ ohùn náà. Ohùn tí òun fúnra rẹ̀ fi sọ fún bàbá rẹ̀ láyé ọjọ́sí pé àgùntàn náà kò burú ni.

"Gbọ́ mi," ló wí. "Má gbé fóònù yẹn sílẹ̀, má jẹun mọ́. Màá máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹ ní ẹyọ ẹyọ. Èyí tó bá lójú, sọ fún mi. Èyí tó bá di bíríkì, sọ fún mi."

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà tò síwájú ìsọ̀, wọ́n ń wá ìwé ilé, wọ́n ń wá ìwé ọkọ̀, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Obìnrin kan ní ìlà bínú.

"Ìyá, ìwé ìgbéyàwó ni mo fẹ́ rà! Agogo máa dún!"

"Ọkọ tó o ti dúró dè láti ọjọ́ yìí wá, ó lè dúró dè ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni Gumercinda dá a lóhùn.

Ìlà bú sẹ́rìn-ín. Láìpẹ́, àwọn oníbàárà ti gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀, inú wọn sì rọ̀. Gbogbo wọn na ọrùn sórí fóònù Nicolasa. Aṣọ lílọ́ kọjá: bíríkì. Aṣọ inú òbìrí kọjá: bíríkì. Aṣọ tó nípọn bí ẹni jẹ búrẹ́dì: bíríkì.

"Bíríkì!" ni gbogbo ìlà ń pariwo bí Zenobia bá ti wí.

Àmì igun bébà ńkọ́? "Ó lójú!" Ẹ̀kán tóótòòtó ńkọ́? "Ó lójú!" Òbìrí bíńtín? "Ó lójú, Màmá, ó rẹwà!" Ẹ wá wo Nicolasa, bó ṣe ń fò lórí àga bí ọmọ ọdún méje.

Ó wá ku aṣọ kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù, tó fò sókè, ọmọge aláìní yẹtí yẹn. Nicolasa tún ẹnu ṣe, ó fi *a* rẹ̀ ránṣẹ́.

ᵃ

"Màmá!" ni Zenobia ké. "Ó lójú! Ó kéré! Háà, ó kéré gan-an!"

"Mo bẹ ẹ́ o, ìwọ aṣọ yìí," ni Nicolasa wí fún lẹ́tà náà, "mo ti yínmú sí ẹ lánàá. Dárí jì mí."

Ó fi *e* ránṣẹ́, ó lójú. *N*, *o*, *b*, *i*: gbogbo wọn lójú. Ó padà sí orúkọ bàbá, gbogbo rẹ̀ gúnwà. Ó fi *z* ránṣẹ́ gbẹ̀yìn, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Bíríkì," ni Zenobia wí.

Ìlà rọ́ síwájú láti wò ó. Àní ọkùnrin tó ń ta ẹyẹ kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ wá.

"Tún un wò."

"Màmá, bíríkì ni. Ẹyọ kan péré. Ó jókòó síwájú, ó ń wò mí."

"Yọ ọ́ kúrò," ni ẹnì kan nínú ìlà wí. "Kọ Enobia."

"Enobia kọ́ ni mo bí!" ni Nicolasa bú u. "Ìrora ọjọ́ méjì ni mo fi bí Zenobia, èmi kò ní fi orí ọmọ mi sílẹ̀ sẹ́yìn odi!"

"Fi *z* lásán síbẹ̀," ni Gumercinda wí. "Èyí tí gbogbo ayé ń lò. Kékeré rẹ̀."

"Kékeré rẹ̀ tóbi ju àwọn yòókù lọ. Ohun tó bá tóbi, ṣé ti Alasita ni? Wọ́n á ní mo ṣe màgòmágó."

Bàbá Eulogio ló já wọ àárín wọn. Òun ló ń gbé ìkòkò ẹyín iná kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tó ń fi èéfín súre fún ohun tí wọ́n rà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí tùràrí, òdòdó ti lẹ̀ mọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Agogo fẹ́ dún, ẹ̀yin ń jà lórí kí ni?" Ẹni mẹ́fà ló ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gba fóònù, ó gbé e súnmọ́ imú, ó wò ó títí.

zᵉⁿᵒᵇⁱᵃ ˡᵃʳᵘᵗᵃ

"Èyí tó wà níwájú yìí," ló wí, "kò ṣe nǹkan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà ná ni."

Ẹ̀rín tí ìlà náà rín, Ekeko, ère òrìṣà ọrọ̀ oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀ tó wà lórí ìsọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, ṣùgbọ́n inú fóònù ló wà," ni obìnrin oníwèé ìgbéyàwó wí. "Ṣé èéfín ń wọ fóònù?"

"Láàárọ̀ yìí, inú fóònù ni ìwọ gan-an ti sanwó èéfín fún mi. Mo ní kí n má gbà á?" ni Bàbá Eulogio dá a lóhùn.

Nicolasa to ìwé náà kíákíá: igun mẹ́rin, okùn ẹ̀kán, òbìrí bíńtín, orúkọ ọmọ rẹ̀, àti lábẹ́ rẹ̀, nínú lẹ́tà kan náà tí kò ní yẹtí, pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ránṣẹ́.

"Ó dé," ni Zenobia wí. "Màmá, gbogbo rẹ̀ lójú. Mo ń ka orúkọ mi."

"Wàyí o, pa ti àkọ́kọ́ yẹn rẹ́, kó má dàrú mọ́ ọn."

"Rárá o. N ò ní pa bíríkì mi rẹ́. Kí ni mo máa fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù?"

"Gbọ́ ọ!" ni Gumercinda wí, ó sì nà ró. "Ọmọ yẹn gbọ́n. Èmi ló fi jọ."

Agogo ìjọ lù. Ọjà Alasita gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹni pé òkè ń sọ̀rọ̀. Gbogbo èèyàn gbé ohun kékeré wọn sókè: ilé, ọkọ̀, àkùkọ, àpótí, ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́. Nicolasa gbé fóònù sókè láàárín wọn. Bàbá Eulogio fẹ́ èéfín sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọ́n òdòdó lé e, ó ti gbé ìgò ọtí sókè kí Gumercinda tó fi ike bo fóònù náà, ó ní, "Bàbá, fóònù ọmọ ti mu omi lánàá, ẹ má jẹ́ kí ti ìyá mu ọtí lónìí."

"Ẹni tó ni nǹkan dà?" ni Bàbá Eulogio bèèrè bí àṣà.

"Èmi rèé!" ni ohùn Zenobia wí láti abẹ́ òdòdó, láti abẹ́ ike, láti São Paulo. "Ó wà lọ́wọ́ mi!"

"Kó dàgbà lọ́wọ́ ẹ."

Agogo tiwọn náà ń dún lọ́hùn-ún, agogo ilé iṣẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ, ó mú bí abẹ́rẹ́. Zenobia ní, "Màmá, ọ̀gá ń pè mí," ó sì já ìpè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ, ẹ mọ bí ìdúró ṣe ń rí. Gumercinda ra oúnjẹ ọjọ́ náà wá fún àwọn méjèèjì, àgbàdo bíbọ̀, ẹ̀wà gbàgìdì, ọ̀dùnkún, pẹ̀lú wàrà díndín tó ṣì ń hó lórí rẹ̀. Nicolasa ń fi ìka ti horo àgbàdo káàkiri abọ́. Ó kọ ìwé ilé méjì, ó kọ orúkọ onílé sí ibi tó yẹ kó kọ orúkọ àdúgbò. Ó kọ ìwé ìgbéyàwó fún obìnrin yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í fún Bàbá Eulogio. Òjò kékeré kan já bọ́, ó dá. Ó gbìyànjú láti kọrin, ìlà kìn-ín-ní nìkan ló jáde: *Kéré, kéré, má kọminú.* Ó ń kọ ọ́ lákọtúnkọ.

"Kọ èyí tó kàn," ni Gumercinda wí jẹ́jẹ́. Èmi kò mọ̀ pé Gumercinda lè sọ nǹkan jẹ́jẹ́ àfi lọ́jọ́ náà.

Agogo kan ti kọjá kí fóònù tó mì. Ohùn ni Zenobia fi ránṣẹ́. Nicolasa na fóònù sí Gumercinda, ìyẹn ló bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e sáàárín àwọn méjèèjì.

"Màmá. Mo ti sọ fún un. Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹ ṣeun, n ò ní fọwọ́ sí i.' Mo fi fóònù há abíyá. Ó wò mí, ó ní ta ló ń ti mí lẹ́yìn. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní ìyá mi kò sí níbí. Mo ní, ẹ̀yin lẹ rò bẹ́ẹ̀. Ó bínú díẹ̀, ó ní kí n parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí kí n gba owó mi. Ó tún pè mí padà, Màmá, mo rò pé ó fẹ́ bú mi. Ó ní bí ọwọ́ wa bá dilẹ̀, òun lè máa fi iṣẹ́ kọ́là, ọrùn aṣọ, ránṣẹ́ sí wa. Kọ́là, Màmá! Kì í ṣe apá! Delfina ti lọ gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí n bi yín: a ti rí pátákó kan, a máa kọ orúkọ sí i, báwo ni ká ṣe kọ ọ́? Ṣé kéékèèké náà ni, bí tinú fóònù?"

Nicolasa tẹ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, ó gbé fóònù mọ́ ẹnu bí ẹni fẹ́ jẹ ẹ́.

"Zenobia, gbọ́ mi dáadáa. Kéékèèké ti parí. Kọ ọ́ gàgàrà-gàgàrà. Kí ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì rí i, kí ẹni tí kò mú awò ojú wá rí i."

"Kọ ọ́ kí àwa náà rí i láti ibí!" ni Gumercinda pariwo láti ẹ̀gbẹ́. "Tó bá ṣẹ́ ku bíríkì, kó o sọ fún mi, iye tí mò ń tà á fún èèyàn gidi ni màá tà á fún ẹ!"

Nicolasa fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú ariwo ọjà, pẹ̀lú ohun gbogbo. Lẹ́yìn náà ló fa abọ́ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ra. Ó ti tutù. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó nawọ́ mú wàrà tó kù nínú ti Gumercinda, ìyẹn sì ti abọ́ náà sún mọ́ ọn.